Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Nínú Tírélà Bàbá Mi

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, inú pálọ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó kúrò nílé. Síbẹ̀, ìrìn àjò ni. Ẹ fara balẹ̀ ká jọ lọ, n kò ní í sáré.

Bàbá mi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa títí di ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Iṣu ló sábà máa ń kó láti Ṣakí wá sí Èkó. Bí kò bá sí iṣu, á kó gbágùúdá. Bí kò bá sí gbágùúdá, á kó ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi ránṣẹ́. Nígbà tí orúnkún wá ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi àti ọkọ mi lọ gbé e wá sọ́dọ̀ wa ní Fọlá Àgòrò, a sì fún un ní yàrá tó kọjú sí títì. A rò pé oore la ṣe é. A kò mọ̀ pé iṣẹ́ la wá fún un.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gbé àga sí ojú fèrèsé, ó ti ń bá gbogbo awakọ̀ tó bá kọjá wí.

"Ẹ wo eléyìí. Ó fẹ́ yà, kò tan iná, kò na ọwọ́. Ṣé kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa fi àlá mọ ibi tó ń lọ ni?"

Ọkọ mi á ní, "Bàbá, wọn ò mà gbọ́ yín."

"Kí wọ́n má gbọ́. Èmi ti sọ tèmi."

A máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí lábẹ́ ẹ̀rín náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kì í ti ojú ọ̀nà dé kó má gbé ìtàn tuntun wálé: afárá tó já lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ tó wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ dé Ìsẹ́yìn, ìyàwó tuntun tó sọ̀ kalẹ̀ ní agbede méjì ọ̀nà tó ní òun ò lọ mọ́. Ní báyìí, bó bá bẹ̀rẹ̀ èyí tó ti pẹ́, á sọ ọ́ dé àárín, á dákẹ́, á ní, "Ẹ ti gbọ́ èyí rí," á sì yí ojú padà sí fèrèsé.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni èmi ń ṣe ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé àdúrà, kàlẹ́ńdà, èmi ni mo máa ń tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó dé orí ẹ̀rọ. Láàárín àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá lọ ra odindi kọ̀ǹpútà nínú páálí, a máa ń wò ó bí obìnrin tó lọ ra ọbẹ̀ níta nígbà tí ata àti epo wà nílé. Ẹyọ ẹyọ làwa ń rà á, tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, a ó sì tò ó fúnra wa. Ìdí nìyí tí sukudiráfà fi máa ń wà nínú báàgì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíkè.

Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń retí káàdì rẹ̀, ó sì ń ṣe géèmù lórí fóònù. Mo yọjú wò ó. Tírélà ló ń wà. Ó di ẹrù rù, ó ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn, òjò ń rọ̀ sórí gíláàsì, waípà ń nù ún. Mo béèrè bóyá irú rẹ̀ wà fún kọ̀ǹpútà. Ó ní ti kọ̀ǹpútà gan-an ni bàbá, pé ó ní sítíárìn tí èèyàn máa fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, ó sì ní bíréèkì tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. N kò mọ ìgbà tí oníbàárà náà gba káàdì rẹ̀ lọ. Bàbá mi ni mo ń rò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà náà jọ díẹ̀díẹ̀, tòun ti sítíárìn àti bíréèkì rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni káàdì tó ń ya àwòrán, ó gùn, ó wúwo bíi bíríkì. Àpótí tí mo tò ó sí ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná aláràbarà sì ń tàn nínú rẹ̀.

Ọkọ mi rí iná náà, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé kọ̀ǹpútà lò ń tò ni àbí ilé ijó?"

Nítorí orúnkún Bàbá, mo ṣètò ọkọ̀ inú géèmù náà kó máa yí jíà fúnra rẹ̀, kó má sí pé à ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

"Ọkọ̀ obìnrin," ni Bàbá pè é nígbà tí mo ṣàlàyé fún un.

"Obìnrin ló tò ó, Bàbá. Ẹ wọlé ká máa lọ."

Ó wọlé. Mo ní ó wọlé, bí ẹ bá sì rí bó ṣe jókòó sí àga yẹn, ẹ̀yin náà ò ní sọ nǹkan mìíràn. Ó sún àga síwájú, ó sún un sẹ́yìn. Ó wo dígí ọwọ́ òsì, ó wo ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní "Bísímíláì." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń wo epo.

Ìlú òyìnbó ni géèmù náà fi ṣe ọ̀nà rẹ̀. Bàbá wà á títí. Nígbà tó yá ló yí sí wa, ojú rẹ̀ kún fún ìfura.

"Ta ló kó àwọn kòtò wọn lọ?"

"Bàbá, ọ̀nà wọn ló rí bẹ́ẹ̀."

"Kò tún sẹ́ni tó dá mi dúró kó ní kí n kí òun." Ó mi orí. "Ìlú yìí ò yé mi."

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Mo rí i ní èjìká rẹ̀. Ó gbé pákó láti èbúté, ó ń lọ sí ìlú kan lẹ́yìn òkè. Ó dé orí òkè náà, tírélà ń ké, ó ń fa ẹrù rẹ̀ lọ, ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Iná inú àpótí kú. Kò sí ohùn kankan mọ́. Iná mànàmáná wà nílé o, fìríìjì ń dún nínú kìṣìnì.

Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. "Ẹ wá òkúta sí i ní táyà!" ló kígbe. "Ó ń padà sẹ́yìn! Òkúta!"

Ẹ má bi mí bóyá ọkọ mi dìde. Ó dìde. Ó tilẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé pálọ̀ la wà.

Àlàyé rẹ̀ ò le. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ya àwòrán ńlá, ó máa ń gbóná. Bó bá wá gbóná kọjá ibi tó yẹ, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Mo sọ èyí fún Bàbá, ó sì yé e kíá. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó bá gbọ́n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ti òun àtijọ́ kò gbọ́n tó yẹn. Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ sáàárín wa ni, ì bá má le.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí Bàbá ní, ní Pẹ́dírò. Awakọ̀ akẹ́rù lòun náà, àwọn méjèèjì jọ rin ọ̀nà Òkè Ògùn títí ọjọ́ orí fi mú wọn sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá kírun Jímọ́ọ̀ tán, àwọn àgbà kan máa ń jókòó sábẹ́ ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Bàbá lọ sọ níbẹ̀ pé òun ti padà sídìí ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ náà ní òun máa wá fi ojú ara òun rí i. Ó wá. Kọ̀ǹpútà náà kú lójú rẹ̀, lórí òkè kan náà. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí Jímọ́ọ̀ mìíràn yóò fi pé, "Dẹ̀rẹ́bà Pálọ̀" ni gbogbo abẹ́ ibòji ń pe bàbá mi.

Bàbá dé lọ́jọ́ náà, kò lọ sí ojú fèrèsé. Ó jókòó tì mí nínú kìṣìnì níbi tí mo ti ń gé ẹ̀fọ́.

"Mo ti sọ fún wọn," ló wí.

"Kí lẹ sọ fún wọn, Bàbá?"

"Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi padà wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní màá gbé ẹrù láti èbúté, màá gun òkè yẹn, màá sì já ẹrù, ọkọ̀ ò ní kú. Bó bá kú, n kò ní jókòó sábẹ́ ibòji yẹn mọ́."

"Bàbá! Kí ló fa irú ìbúra bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń pè mí ní Dẹ̀rẹ́bà Pálọ̀."

Mo mọ bàbá mi. Bó bá ní òun ò ní jókòó síbì kan mọ́, ó parí nìyẹn. Ibòji yẹn nìkan ló kù tó ń mú un jáde nílé. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá tún kú lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú fèrèsé ló máa jókòó sí títí. Mo gbé ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, mo lọ wá sukudiráfà.

Fáànù inú kọ̀ǹpútà kéré, kò ju ojú àwo ọbẹ̀ lọ. Ìhà kan rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́, ìhà kejì ń fẹ́ ẹ jáde, bí èèyàn bá sì ti kọ ojú rẹ̀ sí ló ṣe máa ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú tèmi, lẹ́yìn. Lára àpótí náà, àyè fáànù méjì tún wà níwájú, àyè ọ̀kan sì wà lókè. Mo ra àwọn tó kù. Mo mú káàdì ìgbéyàwó kan tí a tẹ̀ bà jẹ́, mo ya àwòrán àpótí náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń ro ibi tí fáànù kọ̀ọ̀kan máa kọjú sí.

Ọkọ mi na ọrùn wò ó. "Kí lò ń rò lórí èyí? Bí ooru bá mú ìwọ, ibo lo máa kọ fáànù sí?"

"Sí ara mi."

"Ó tán! Ta ni ooru mú níbí? Kọ̀ǹpútà. Kọ gbogbo rẹ̀ sí i lára."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ibo ni ẹ ti rí i nílé yín tí wọ́n kọ ẹ̀yìn fáànù sí àlejò? Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa fáànù ni pé ẹni tí ooru mú ló máa ń kọjú sí. Mo gbà fún ọkọ mi. Mo kọ gbogbo fáànù sínú, tiwájú, tẹ̀yìn, tòkè, wọ́n ń fẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà lára láti ibi gbogbo bí ẹni ń tọ́jú ìyàwó olóyún nínú ọ̀dá. Lẹ́yìn náà mo ní kí Bàbá wa ọkọ̀.

Bàbá ò tíì kúrò ní ẹnu géètì èbúté tí kọ̀ǹpútà fi kú.

"Kí lẹ ṣe sí i?" ni Bàbá béèrè. "Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, mo máa ń dé òkè."

Ọkọ mi ní òun ní iṣẹ́ kékeré kan tí òun fẹ́ ṣe nínú yàrá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a kò rí afẹ́fẹ́ sójú, a kò mọ ohun tó ń ṣe nínú ibẹ̀. Ẹja ló kó wa yọ. Mo ti din ẹja lọ́jọ́ náà, òórùn rẹ̀ gba ilé, mo wá fi tùràrí sínú ẹyín iná, mo gbé e sínú pálọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti tún tan kọ̀ǹpútà náà. Bí mo ṣe ń kọjá lọ, mo rí i pé èéfín tùràrí náà tẹ̀, ó rọra ń lọ síwájú àpótí náà, ó sì wọlé. Mo dúró. Mo gbé tùràrí náà lọ sẹ́yìn. Èéfín wọlé láti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Mo gbé e sókè, ó wọlé láti òkè.

"Bàbá! Bàbá àwọn ọmọ! Ẹ wá wò ó!"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà. Èéfín kún inú rẹ̀, ó ń yí ká ojú kan náà lórí káàdì ńlá yẹn, kò mọ ibi tó máa gbà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ jáde ní àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gbogbo èrò ń wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀."

Mo tú tẹ̀yìn, mo tú tòkè, mo yí ojú wọn padà kí wọ́n máa fẹ́ síta. Mo fi àwọn méjì iwájú sílẹ̀ kí wọ́n máa fà wọlé. Mo tún gbé tùràrí dé. Háà! Èéfín wọlé níwájú, ó gba orí káàdì náà kọjá, díẹ̀ gba òkè, èyí tó pọ̀ jù rọ́ jáde lẹ́yìn, ó bá ọkọ mi níbi tó ti ń yọjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"Ó ti ní sàlẹ́ńsà!" ni Bàbá wí, ó pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹjú mọ́ ọn, mo rí nǹkan mìíràn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n la gbé kọ̀ǹpútà náà sí, èyí tí ọkọ mi ní kí káfíńtà fi pákó dídán kàn fún un, tó ní gíláàsì, tó ní ibi tí wọ́n ń to abọ́ tí a kì í fi jẹun sí. Èéfín tó jáde lẹ́yìn kọlu pákó kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí ká, ó padà wá síwájú, fáànù sì tún fà á wọlé. Ooru tó ti sọ̀ kalẹ̀ tún ń padà wọkọ̀.

"Ó máa jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí," ni mo wí.

Ọkọ mi dá ikọ́ dúró. "Kí ló máa jáde?"

"Kọ̀ǹpútà. Orí sítúùlù ló máa wà, láàárín pálọ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má fara kan ògiri."

"Láàárín pálọ̀ mi? Kí àlejò máa rò pé a ń kó lọ?"

"Àlejò wo? Ọ̀rẹ́ Bàbá nìkan ló ń bọ̀."

"Kọ́bọ́ọ̀dù yìí, kí n tó rí pákó rẹ̀..."

"Àna mi," ni Bàbá pè é, ohùn rẹ̀ tutù, "wọ́n ń pè mí ní Dẹ̀rẹ́bà Pálọ̀."

Ọkọ mi gbé sítúùlù wá fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ lọ láti orí àga wa sí ìdí tábìlì oúnjẹ, ẹ ó kọ́kọ́ yí kọ̀ǹpútà ká bí ẹni yí ráúndì-àbáọ̀tù. Mo gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ṣẹ́ kù, mo nà án sí iwájú fáànù méjèèjì, nítorí eruku títì wa kò kéré. Bàbá dán ọkọ̀ náà wò díẹ̀, kò kú. Ṣùgbọ́n a kò tíì gun òkè. Ó ní òun ò ní gun òkè yẹn títí ọ̀rẹ́ òun á fi wà níbẹ̀.

Gbogbo nǹkan dára báyìí títí ó fi di Tọ́sìdeè. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀, ohun tí mo rí mú kí báàgì bọ́ lọ́wọ́ mi. Táwẹ̀lì ojú mi, èyí tó dára, ni wọ́n rì bọ omi, tí wọ́n fún un, tí wọ́n sì tẹ́ sórí kọ̀ǹpútà náà rẹ́múrẹ́mú. Bàbá jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, bí ẹni tó ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe.

"Bàbá! Kí lèyí?"

"Mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú omi?"

"Ìwọ ò mọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbóná lórí òkè, tí epo ò lọ mọ́, àkísà tútù la máa ń wé mọ́ pọ́ǹpù epo rẹ̀. Kí o tó ka Fátíà tán, ó ti dìde. Iye ìgbà tí àkísà tútù gbé mi dé Èkó, n kò lè kà á."

Mo yọ okùn iná kíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, a dúpẹ́, kò tíì tàn án. Mo ká táwẹ̀lì náà kúrò. Omi rẹ̀ ti kán sínú. Ó wà lára fáànù òkè, ó wà lórí káàdì ńlá, ó ń dán yinrin yinrin nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ìgbín kọjá.

Bàbá wo ojú mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé mo ti bà á jẹ́?"

Mo fẹ́ bínú. Mo múra láti bínú, kí n sòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ó dà bí ọmọdé tí àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, Bàbá."

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀ mo tò wọ́n sínú tíréè ńlá, mo gbé e sí ojú báńkóní níbi tí oòrùn ti ń wọlé, mi ò sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní òun máa ṣọ́ ọ. Ó mú igi kan dání nítorí ológbò àwọn ará ilé wa. Aládùúgbò wa obìnrin ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó yà wò ó.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja kí lẹ sá?"

"Tírélà ni," ni Bàbá dá a lóhùn.

Obìnrin náà wo tíréè, ó wo Bàbá, ó wo èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́run á bá yín mú kó gbẹ," ló wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá ò lọ jókòó sábẹ́ ibòji lọ́jọ́ náà. Ó kírun tán, ó padà wá tààrà sídìí tíréè. Nígbà tí mo fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ tí mo rí i pé ó gbẹ, mo tún un tò, mo fi okùn iná bọ̀ ọ́, mo dijú. Fáànù iwájú yí. Tẹ̀yìn yí. Tòkè rọra tún ara ṣe, òun náà yí. Iná ilé ijó tàn. Mo wá pe Bàbá àti ọkọ mi, mo fi ìka kan òkè àpótí náà. Mo ní ihò imú rẹ̀ nìyí. Mo ní n kò fẹ́ rí táwẹ̀lì níbẹ̀, n kò fẹ́ rí fìlà, n kò fẹ́ rí ìwé ìròyìn tàbí kọ́ọ̀pù tíì. Ọkọ mi rọra mú kọ́ọ̀pù rẹ̀ kúrò.

Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọ̀rẹ́ Bàbá dé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀.

"Dẹ̀rẹ́bà Pálọ̀! Ṣé ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Wọlé, ká máa lọ," ni Bàbá wí.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé sóbò tútù fún un. Ó gbà á, ó mu ún, ó ní kí n bu òmíràn. Ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ Bàbá, ó sún àga rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó sì tẹ́tí sí i bí dókítà. Bàbá gbé ẹrù ẹran tútù láti èbúté, ó ní "Bísímíláì," ó jáde ní géètì.

"Ariwo kí nìyí tó ń pa?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè.

"Afẹ́fẹ́ ló ń gbà, sà," ni mo wí.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí náà. "Ó gbóná! Ó ti ń gbóná! Mo sọ ọ́!"

"Ó yẹ kó gbóná níbẹ̀, sà. Ooru inú ló ń kó síta."

Ó yọ ọwọ́ kúrò, kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó mu sóbò. Ọ̀nà ń lọ. Igi ń kọjá, afárá ń kọjá. Díẹ̀díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ọkùnrin yìí ò tẹ́tí sí kọ̀ǹpútà mọ́. Ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Kí lo lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú yẹn báyẹn sí?"

"Ta ni dẹ̀rẹ́bà?" ni Bàbá béèrè.

"Ìwọ náà ni."

"Panu mọ́ nígbà náà."

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Bó bá tẹ bíréèkì lójijì ńkọ́?"

Bàbá dé kọ́nà kan tó le. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ àga mú, ara rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì mi mọ́lẹ̀ níbi tí bíréèkì ì bá wà. Ọkọ mi rọra fọwọ́ tọ́ mi. Mo ní kó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà la rí òkè. Yìnyín funfun ń bọ́ sórí rẹ̀. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó ń ké, àwọn fáànù sì gbé ohùn wọn sókè pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń hó bí ìkòkò. Mo gbé ọwọ́ mi sí ẹ̀yìn àpótí náà. Ooru tó ń jáde lágbára, ó ń jáde láì dúró. Mo ń wo èjìká bàbá mi. Tírélà dé ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kú sí. Ó kọjá ibẹ̀. Ó dé orí òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì, fáànù sì rọra dín ohùn wọn kù. Mo wá mí.

Bàbá ò wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kàn tún fìlà ara rẹ̀ ṣe.

"A ò tíì dé," ni ọ̀rẹ́ náà wí. "O ní o máa já ẹrù. Kó o tó já ẹrù, n kò gbà."

"Jókòó, o máa rí i."

Ó jókòó, ṣùgbọ́n jíjókòó náà ò bá a lára mu mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ife sóbò tó ti gbẹ, ó yí ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ó kù bí ibo?"

"Ó ṣì jìnnà," ni Bàbá wí.

Ó fara dà á. Bàbá ya ọkọ̀ kan sílẹ̀. Ó fara dà á. Mo rí i pé àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Sà, ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn kìṣìnì, ní ọwọ́ òsì."

"N kò lọ. Bí mo bá dìde, tí nǹkan yìí kú lẹ́yìn mi, ẹ ó tàn án padà, ẹ ó ní kò kú. Mo mọ̀ yín."

"Bàbá ò ní parọ́ fún yín, sà."

"Mo mọ̀ ọ́n ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ."

Ó tún jókòó díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di orí orúnkún méjèèjì mú, ó yí sí bàbá mi, kò sì sí ẹ̀rín kankan ní ojú rẹ̀.

"Dẹ̀rẹ́bà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi páàkì. Mo fẹ́ tọ̀."

Ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, wíwò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo dígí, ó tan iná ọ̀tún, ó dín eré kù díẹ̀díẹ̀, ó rọra yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ó dúró, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sì tan iná tó ń ṣẹ́jú fún àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn.

"Ṣe kíá o," ló wí. "Ẹran tútù ni mo gbé."

Ọkùnrin náà ti dìde, ó ń sáré bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ó yí kọ̀ǹpútà ká, ó wọ ẹ̀yìn kìṣìnì lọ. Ọkọ mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Má rẹ́rìn-ín," ni Bàbá sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí sítíárìn. "Èrò ọkọ̀ mi ni."

Ẹ́ńjìnnì tírélà ń dún lábẹ́ yìnyín, àwọn fáànù ń mí. Láti ẹ̀yìn kìṣìnì, a gbọ́ ohùn:

"Ẹ má mà fi mí sílẹ̀ o!"

Bàbá mi tẹ fèrè tírélà lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ̀ pé ọkọ̀ ṣì ń dúró dè é.